Gíláàsì Tí Wọ́n Fi Búrẹ́dì Dé

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láyé, èmi tí mo ń gbàgbé ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí lójoojúmọ́. Ọjọ́ náà ni mo mú ìyá ọkọ mi lọ ṣe fàájì létí òkun. Fàájì ni mo pè é o. Ẹ jẹ́ kí n máa bá a bọ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí bí mo bá sáré sọ ọ́, ìtìjú ò ní jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni Mummy, ìyá ọkọ mi, ti wá. Ìgbà òtútù ni wọ́n dé sọ́dọ̀ wa ní Thamesmead láti bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Nígbà tí òtútù fi máa lọ, tí oòrùn wá yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó, ọjọ́ tí Mummy máa padà sí Nàìjíríà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí ni wọ́n ti rí ní Lọ́ńdọ̀nù? Wọ́n ti rí yàrá ìdáná mi. Wọ́n ti rí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ti rí Powis Street ní Woolwich, níbi tí a ti máa ń ra iṣu àti ata rodo, wọ́n sì wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé kì í ṣe ọjà ilé náà nìyí, tí wọ́n wá gbé òtútù lé lórí?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Kéèyàn wọ bàálù wá sí ìlú òyìnbó, kó wá lo oṣù mélòó kan pẹ̀lú nápìkì àti ìkòkò nìkan!

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Daddy, bàbá ọkọ mi tó ti di olóògbé, Rọ́ṣíà ni wọ́n ti kàwé nígbà ọ̀dọ́ wọn. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n lọ kọ́, ní ìlú kan létí òkun. Ọkọ mi sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà ní kékeré, Daddy kì í yé sọ̀rọ̀ ìlú náà: ọbẹ̀ pupa wọn, yìnyín wọn, ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó ní nǹkan bí àlùbọ́sà wúrà lórí òrùlé. Wọ́n ṣèlérí fún Mummy pé bí àwọn bá fẹ̀yìn tì, àwọn á jọ lọ wò ó. Wọ́n fẹ̀yìn tì lóòótọ́, àìsàn dé, ìlérí sì wọlẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ṣe é. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Daddy, Mummy ò dárúkọ wọn mọ́. Bí ẹlòmíì bá dárúkọ wọn, Mummy á dìde, wọ́n á lọ wá nǹkan fọ̀.

Nígbà tí mo wá rí i lórí fóònù pé ìlú kékeré kan wà létí òkun, tí ọkọ̀ ojú irin lè gbé wa débẹ̀ láti Woolwich, pé àwọn atukọ̀ Rọ́ṣíà tẹ̀dó síbẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n fẹ́ ìyàwó, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì alálùbọ́sà wúrà, àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn sì ń ta tíì àti oúnjẹ Rọ́ṣíà ní ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo nà ró. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ń ṣe. Mo sọ fún ọkọ mi pé òun àti àwọn ọmọ ni yóò jọ wà nílé. Mo pinnu pé òjò ni o, ìjì ni o, Mummy máa gbádùn ọjọ́ náà dandan, wọn ìbáà fẹ́, wọn ìbáà kọ̀. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà fún yín. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì máa rántí mi níbẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, a wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead dé Woolwich. Mo ra mítì páì àti pọ́fù-pọ́fù dání. Mo wọ wíìgì mi tuntun, èyí tó balẹ̀ dé èjìká. Mo fi kóòtù mi dúdú wọ Mummy, torí tiwọn ò lè dúró de atẹ́gùn òkun. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ ojú irin, Mummy wo pátákó tó wà lókè, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé ẹ̀gbẹ́ ibí ló yẹ ká dúró sí?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi tí mò ń gbé níbí láti ọjọ́ yìí?"

Ọkọ̀ dé, a wọlé, a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. À ń lọ, à ń lọ. Mo rò pé ilé á máa dín kù, pápá á máa pọ̀ sí i. Ilé ló ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń ga sí i.

"Òkun náà dà?" Mummy béèrè.

"Ó wà níwájú, Mummy."

Àṣé ẹ̀yìn wa ló wà. Àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù la ń lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ kéde London Bridge, mo dìde bí ẹni pé ohun tí mo pète náà nìyẹn. Mo ní, "Mummy, ibí la ti máa wọ òmíràn." Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òmíràn tí a wọ̀ náà tún gbé wa gba Woolwich kọjá. Mummy rí pátákó orúkọ ibẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n sì wò mí. Wọ́n ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú nìkan na ọmọ.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó débẹ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣe atẹ́gùn, ìjà ni. Ṣùgbọ́n òkun ń tàn, ilé àwọn ará ibẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké kún èbúté, mo sì sọ fún ara mi pé fàájì ti bẹ̀rẹ̀. A gun afárá pákó kan tó wọ inú òkun lọ. Mo yọ mítì páì, mo na ọ̀kan sí Mummy, mo gbé tèmi sókè kí n gé e jẹ. N kò tíì pa eyín dé tí ẹyẹ òkun funfun kan, tó tó adìyẹ agric, fi já lulẹ̀ láti ojú ọ̀run tó sì já a gbà lọ́wọ́ mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè láti lé e. Ìgbà yẹn gan-an ni atẹ́gùn wọ abẹ́ wíìgì mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, wíìgì náà fò. Ó fò gba ẹ̀gbẹ́ Mummy kọjá, ó yí gbirigbiri lórí pákó, ó já sórí iyanrìn nísàlẹ̀. Ajá ńlá kan rí i, ó rò pé ọ̀tá ni, ó kì í mọ́lẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Olówó ajá náà gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e wá bá mi pẹ̀lú ìtìjú. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti yín nìyí?" Mo ronú díẹ̀ bóyá kí n sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń wo irun dídì mi, èyí tí mo ti dì láti ìgbà tí mo bímọ, tó ti hù wúruwùru bí oko tí wọ́n pa tì.

Mummy ṣí báàgì wọn, wọ́n yọ gèlè kékeré dúdú kan. "Gbà, fi bo orí ẹ," ni wọ́n wí, "kí àwọn ọmọ kékeré tó ń wò ọ́ má bàa sunkún." Nígbà tí mo wé e tán, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé a ò kúkú máa padà sílé?"

"Rárá o, Mummy. A ò tíì rí àlùbọ́sà."

A gun òkè kékeré kan, a yà sí kọ̀rọ̀, a sì rí i. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ò ju ilé ìdáná ńlá lọ, ṣùgbọ́n àlùbọ́sà wúrà mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, oòrùn sì ń fi wọ́n ṣeré. Mummy dúró. Wọ́n kàn di okùn báàgì wọn mú ṣinṣin, wọ́n gbé ojú sókè fún ìgbà pípẹ́, débi tí èmi gan-an fi dákẹ́, ohun tí kò wọ́pọ̀.

Gbọ̀ngán kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, òórùn oúnjẹ gbígbóná sì ń ti ibẹ̀ jáde. Mo ní ibi tí mo kà nípa rẹ̀ lórí fóònù nìyẹn. Obìnrin kan tó tó ọjọ́ orí mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo kóòtù dúdú Mummy, ó wo gèlè dúdú orí mi, ó sì fi èdè òyìnbó béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé torí Víktọ̀ lẹ ṣe wá?"

Ta ló máa jẹ́ Víktọ̀ bí kò ṣe ẹni tó ni ilé oúnjẹ? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o! Torí Víktọ̀ la ṣe wá. Láti Woolwich!"

Omi bọ́ lójú obìnrin náà. Ó dì mọ́ mi, ó dì mọ́ Mummy, ó fà wá wọlé.

Mo yíjú sí Mummy, mo sọ ọ́ ní Yorùbá, "Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń gba oníbàárà? Ta ló dì mọ́ yín rí ní Powis Street torí pé ẹ fẹ́ rajà?"

"Ìyàwó mi, ẹkún ló ń sun."

"Ayọ̀ ni, Mummy. Bóyá ọjà ò yá láti àárọ̀."

Tábìlì gígùn kan ni gbogbo èèyàn jókòó yí ká. Wọ́n sún fún wa. Wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan nínú ọkà sísè tí wọ́n fi oyin pò. Lẹ́yìn náà ni páńkéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé, páì ẹja dé, ọbẹ̀ pupa fòò dé. Mo fọwọ́ tọ́ Mummy: "Ọbẹ̀ pupa Daddy nìyí o!" Mo ya fọ́tò oúnjẹ náà. Mo ní kí wọ́n fi kún un fún mi. Mo tún béèrè bóyá wọ́n ní ọ̀rá tí èèyàn lè fi di díẹ̀ lọ sílé fún ọkọ. Obìnrin tó gbà wá wọlé kàn ń mi orí, ó ń nu ojú.

Fọ́tò ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà lórí tábìlì, nítòsí ibi tí mo jókòó sí. Rìbọ́ọ̀nù dúdú wà ní igun rẹ̀, àbẹ́là ń jó níwájú rẹ̀, gíláàsì omi kan tí wọ́n fi ègé búrẹ́dì dúdú dé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Mummy rọra sọ pé, "Ìyàwó mi, wo fọ́tò yẹn dáadáa."

"Víktọ̀ nìyẹn, Mummy, ọ̀gá ibẹ̀." Mo sún mọ́ ọn, mo gbé fóònù sókè, mo sì ya ara mi pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo eyín níta.

"Jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ wọn."

"Mummy, fàájì la wá ṣe. Ẹ jẹun."

Bàbá arúgbó tó wà lápá òsì mi dìde, ó gbé gíláàsì sókè, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. Gbogbo wọn dìde, wọ́n mu ún láìsọ̀rọ̀. Mo rò pé ojú ń tì wọ́n ni. Èmi tí mo ti fi fóònù kọ́ ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà mélòó kan, mo gbé ọsàn mímu mi, mo fi kan gíláàsì bàbá náà, gbàrà! Mo kígbe pé, "Sìdàróófìyà!" Ìyẹn ni ohun tí wọ́n máa ń sọ níbi àríyá. Bàbá náà wò mí bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí.

Bóyá ìwò yẹn ló dà mí lọ́kàn rú, mi ò mọ̀. Mo bu nǹkan funfun kan láti inú àwo kékeré, mo rò pé máyònéèsì ni, mo fi ṣíbí kan kún ẹran mi, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́nu. Ata tiwa, ẹnu ló ń jó. Èyí, gbòǹgbò kan tí wọ́n lọ̀ bí ata, ò bá ẹnu sọ nǹkan kan, imú ló gbà wọ ọpọlọ lọ tààrà. Ojú mi dá omi, ọ̀fun mi dí. Ọsàn mi ti tán, jọ́ọ̀gì omi sì wà lódìkejì. Gíláàsì kan péré ló sún mọ́ mi. Mo fa búrẹ́dì tó wà lórí rẹ̀, mo jù ú sẹ́nu, mo sì gbé ohun tó wà nínú gíláàsì náà dà lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kì í ṣe omi. Ọtí ni, ọtí tó ń jó bí iná orí gáàsì. Nígbà tí mo wúkọ́ tán tí mo la ojú, ẹnikẹ́ni ò jẹun mọ́. Ṣíbí wà lókè, ẹnu wà ní yíyà. Ìyá àgbà kan tó wà ní orí tábìlì ti dìde dúró.

Mo bi obìnrin tó gbà wá wọlé léèrè, "Ṣé gíláàsì ẹnì kan ni?"

Ó ní, "Gíláàsì bàbá mi ni. Gíláàsì Víktọ̀."

"Ẹ má bínú, mo máa bẹ̀ wọ́n. Ibo ni wọ́n wà?"

Ó wo fọ́tò náà. "Bàbá mi ti kú. Òní ló pé ogójì ọjọ́. A máa ń bu ìpín tirẹ̀ sí i ni."

Èmi, akọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí mi ò fi bíà kan ètè rí, mo ti mu ìpín òkú, mo sì ti jẹ búrẹ́dì rẹ̀ mọ́ ọn. Mo bá òkú ya fọ́tò, mo rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ di oúnjẹ ìsìnkú lọ sílé fún ọkọ. Mo kúnlẹ̀ gbì sílẹ̀ láàárín gbọ̀ngán, mò ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ìyẹn gan-an tún dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n rò pé ọtí ti gbé mi ṣubú, ọkùnrin méjì sì sáré wá gbé mi dìde.

Mummy ló dìde. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n sì fi èdè òyìnbó ọ̀gá ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A ò mọ Víktọ̀. Ìyàwó ọmọ mi yìí rò pé ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ni. Ó fẹ́ mú inú mi dùn ni, orí rẹ̀ sì le."

Mo rò pé Mummy ti parí, mo ti ń wo ilẹ̀kùn. Wọn ò tíì parí.

"Ọkọ mi kàwé ní ilẹ̀ yín, ní Rọ́ṣíà. Ọdún mẹ́fà ló fi wà níbẹ̀, ọmọ tálákà láti Ìjẹ̀bú, kò ní ìyá níbẹ̀, kò ní bàbá. Ó sọ fún mi pé ebi ò pa òun rí. Ó ní ìyá kan ní òpópónà òun máa ń pe òun wọlé láti wá jẹ ọbẹ̀ pupa, ó sì fún òun ní ìbọ̀wọ́. Nílé wa, bí wọ́n bá tọ́jú ẹni rẹ ní ìdálẹ̀, dandan ni kí o lọ dúpẹ́. Mi ò rí ẹni dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọkọ mi fi kú. Mo ti pẹ́. Ẹ bá mi gba ọpẹ́ náà." Ibẹ̀ ni ohùn wọn ti já. Mummy, tí mi ò rí ẹkún wọn rí, bú sẹ́kún, wọ́n sì ń pe orúkọ Daddy, orúkọ àbísọ wọn pàápàá, tí èmi ò gbọ́ rí.

Ìyá àgbà orí tábìlì, ìyẹn ìyàwó olóògbé tí wọ́n ti Rọ́ṣíà wá, rìn wá bá wa. Wọ́n dì mọ́ Mummy. Àwọn opó méjì náà dúró báyẹn, wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé. Lẹ́yìn náà ni ìyá náà wò mí, wọ́n wo gíláàsì òfìfo náà, ẹ̀rín sì gbé wọn. Wọ́n sọ nǹkan kan, ọmọ wọn sì túmọ̀ rẹ̀: "Màmá ní Víktọ̀ náà kì í jẹ́ kí gíláàsì kún níwájú òun pẹ́."

Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún ọtí Víktọ̀ bù, wọ́n sì gbé e jìnnà sí mi. Wọ́n gbé gíláàsì kejì wá, wọ́n ní ti ọkọ Mummy ni.

"Omi ni kí ẹ bù sí i," ni Mummy wí. "Ọkọ mi ò mutí."

Bàbá arúgbó tí mo kan gíláàsì rẹ̀ ranjú mọ́ Mummy. "Ó gbé ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ wa, kò sì mutí?"

Mummy nu ojú wọn. "Ohun tó sọ fún mi nìyẹn."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. A wà lọ́dọ̀ wọn títí oòrùn fi rọ̀, Mummy ń sọ ìtàn Daddy lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n sì ń bu ọbẹ̀ sí i. Èmi ò fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́ láìkọ́kọ́ béèrè ti ta ni.

Ká ní ìtàn parí síbẹ̀ ni, ǹ bá ti dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọtí òkú náà ò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Inú ọkọ̀ ojú irin ni ó ti gun orí mi. Mummy ní gbogbo orin ẹgbẹ́ akọrin wa ni mo kọ, apá tèmi àti apá àwọn ọkùnrin. Nígbà tí a sọ̀ ní Woolwich, ta ni a pàdé lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀? Ìyàwó pásítọ̀ wa ni, pẹ̀lú àpò ẹja lọ́wọ́.

"Ah, Sister! Mummy, ẹ káàbọ̀ o, ma!" Ó dì mọ́ mi. Mo di èémí mi mú títí ojú mi fi fẹ́ yọ. Ó fa ọrùn sẹ́yìn. "Sister, kí ló ń rùn báyìí?"

Mo wo Mummy pẹ̀lú ojú ẹ̀bẹ̀. Mo gbàgbé pé ọ̀gá ilé ìwé ò lè purọ́.

"Ọtí ni, ìyàwó pásítọ̀," Mummy wí, ojú wọn gún régé. "Òkú kan ló ni ín. Ìyàwó mi ló bá a mu ún."

Àpò ẹja bọ́ sílẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé orí mi níbẹ̀, lójú àwọn tó ń lọ wọ ọkọ̀ àti àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kíkan kíkan, ó ń já ìdè láàárín èmi àti ẹ̀mí gbogbo tó ti ilẹ̀ òtútù wá. Mummy ló ń ṣe "Àmín" tó ròkè jù. Nígbà tí mo yọ́ la ojú kan, mo rí èjìká wọn tó ń mì. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, ẹ̀rín tí wọ́n fi ń di inú mú.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ìpinnu dára, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá wà, mo máa ń rò ó pé ká ní mo béèrè lẹ́nu ọ̀nà ọjọ́ yẹn ni, wọn ì bá sọ fún wa pé ilé oúnjẹ ò ṣí lónìí, à bá sì ti yí padà. Mummy ì bá gbé ọpẹ́ wọn àti ẹkún wọn padà sílé bí wọ́n ṣe gbé e wá. Nítorí náà, mi ò mọ bí ẹ̀kọ́ yẹn ṣe dá mi lójú tó.

Mummy ti wà nílé báyìí, wọ́n sì ti ròyìn mi dé ibi tí ìròyìn lè dé. Bí wọ́n bá pe fóònù ọkọ mi, wọn kì í béèrè mi lórúkọ mọ́. "Ìyàwó Víktọ̀ ńkọ́?" ni wọ́n máa ń wí, màá sì gbọ́ tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá dáhùn pé mo wà ńbí, ma. Mo ti mu ọtí ọkùnrin náà tán. Kí ni mo tún fẹ́ jiyàn sí?